Rírán aṣọ àti gígé aṣọ: bí àwọn dìfẹ́lọ́pà ṣe ń dàgbà nídìí iṣẹ́ wọn

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti àrànmọ́ fáwẹ̀lì, kì í sì í ṣe ti ìpajẹ. Nínú àwọn tí mo kọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, àwọn kan ń kọ́ni ní yunifásítì, àwọn kan wà ní bánkì, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gba iye àwọn tó ti di ẹni tó ń kọ kóòdù fún ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́ bí mo bá sọ ọ́. Dìfẹ́lọ́pà ni wọ́n ń pe ara wọn, orúkọ yẹn náà ni màá sì máa pè wọ́n. (Mo ti rí i tí àwọn kan ń dá orúkọ Yorùbá fún iṣẹ́ náà, wọ́n kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà jẹun.)

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí. "Prof, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọdún keje mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti di senior, èmi ṣì wà níbi tí mo wà. Ṣé kí n lọ kọ́ èdè kọ̀ǹpútà mìíràn ni?" Mo ti dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi sú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ níbí. Ìdáhùn mi kúrú: èdè mìíràn kọ́ ló kù. Ohun tó ń sọ ènìyàn di àgbà nídìí iṣẹ́ yẹn ni irú ìbéèrè tí wọ́n lè gbé lé e lọ́wọ́, kí ọkàn wọn sì balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yà sọ́dọ̀ télọ̀ ná, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù. Ẹni tó bá ti gbé nítòsí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mọ bí ọmọṣẹ́ ṣe ń gòkè. Yóò kọ́kọ́ máa gbálẹ̀, yóò máa fi òwú bọ abẹ́rẹ́, yóò máa fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Lẹ́yìn náà wọn á ní kó máa rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, kó máa ká etí ṣòkòtò. Tó bá yá, wọn á fi í jókòó ti máṣíìnì. Ó lè lo ọdún méjì nídìí máṣíìnì yẹn títí ọwọ́ rẹ̀ á fi yá ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí oníbàárà bá gbé léèsì olówó gọbọi wá, tí ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ méjì, ta ló ń mú sísọ́ọ̀sì? Ọ̀gá ni. Rírán tó bá wọ́ ṣeé tú. Aṣọ tí a bá ti gé kúrú, ó ti kúrú nìyẹn.

Ẹni tó ń gé aṣọ gbọ́dọ̀ ti wo oníbàárà dáadáa, bí ikùn rẹ̀ ṣe rí, bí èjìká rẹ̀ kan ṣe ga ju èkejì. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá aṣọ náà yóò sún kì bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, àti bóyá yáàdì tó wà nílẹ̀ yóò tó apá. Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tó wà lára máṣíìnì. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń dùn mí, ọwọ́ wọn ti yá nídìí máṣíìnì, kò sì sí ẹni tó fi sísọ́ọ̀sì lé wọn lọ́wọ́ rí. Púpọ̀ nínú wọn ò tilẹ̀ béèrè.

Ìyàtọ̀ kan wà tó mú kí ti dìfẹ́lọ́pà le ju ti télọ̀ lọ. Ọmọṣẹ́ télọ̀ ní ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù. Wọ́n á pe ẹbí, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ya fọ́tò, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀ pé lágbájá ti dá dúró. Dìfẹ́lọ́pà ò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ kan tó ń fi òǹtẹ̀ lu "junior" àti "senior". Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún ènìyàn lórúkọ tó bá wù ú, senior ti ibí sì lè dé ibòmíràn kí wọ́n ní kó wá máa rán bọ́tìnnì.

Nígbà tí kò sí fírídọ́ọ̀mù, àwọn ènìyàn wá ohun tí wọ́n lè kà. Wọ́n ń ka irinṣẹ́. "Mo mọ React, mo mọ Vue, mo ń kọ́ òmíràn lọ́wọ́." Mi ò ní kí wọ́n má kọ́ wọn, ebi ò ṣeé fi irọ́ pa. Àmọ́ ẹ wo bí àwọn irinṣẹ́ náà ṣe ń dé, tí wọ́n sì ń lọ. Oṣù kẹta ọdún 1989 ni Tim Berners-Lee kọ àbá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀ ní CERN, nítòsí Geneva. Nígbà tó fi di 1991, wẹ́ẹ̀bù ti jáde síta. Ní 1995, Brendan Eich ṣe JavaScript àkọ́kọ́ fún Netscape láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. jQuery dé ní 2006, AngularJS dé ní 2010, Facebook gbé React síta ní 2013, Vue sì tẹ̀lé e ní 2014. Nígbà tí ọdún 2021 parí, Google fúnra rẹ̀ jáwọ́ nínú títọ́jú AngularJS. Ẹni tó mọ̀ ọ́n débi pé ó lè fi ojú dídì kọ ọ́, ṣùgbọ́n tí kò mọ nǹkan mìíràn, irú oúnjẹ wo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó nínú kíláàsì mi mọ ibi tí mò ń lọ. "Mo ra iṣu." "Mo ra dátà." Dátà ò tíì pẹ́ lẹ́nu wa rárá, iṣu ti wà kí a tó bí baba ńlá wa, ṣùgbọ́n olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ wà ní ipò wọn. Ọ̀rọ̀ tuntun ń wọlé lójoojúmọ́. Gírámà kì í tètè yí. Wẹ́ẹ̀bù náà ní gírámà tirẹ̀: bí bráwúsà ṣe ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ sáfà àti bí sáfà ṣe ń dáhùn, bí a ṣe ń to ohun pamọ́ sínú dátábéèsì kó lè ṣeé rí padà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn méjì bá fẹ́ yí ohun kan náà padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó mọ ìwọ̀nyí yóò kọ́ irinṣẹ́ tuntun láàárín oṣù díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan owó oúnjẹ gan-an. Ní 2014 ni wọ́n dá Andela sílẹ̀ ní Èkó. Èrò wọn ni kí wọ́n wá ọ̀dọ́ tó ní làákàyè, kí wọ́n kọ́ wọn ní kóòdù, kí wọ́n sì fi wọ́n síṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ jàǹfààní rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 2019, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àwọn ń dá nǹkan bí 400 junior dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní Nàìjíríà, Kenya àti Uganda. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé senior ni àwọn oníbàárà ń béèrè, junior sì ti pọ̀ ju iṣẹ́ tó wà lọ. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ kí ChatGPT tó dé. Láti 2022, ẹ̀rọ tó ń kọ kóòdù ti wà fún gbogbo ènìyàn, ó sì ń rán bọ́tìnnì láìgba owó ọkọ̀. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn ṣeré.

Kí wá ni gígé aṣọ nínú iṣẹ́ dìfẹ́lọ́pà? Màá mú àpẹẹrẹ tó sún mọ́ pápá mi, nítorí níbẹ̀ ni mo ti lè sọ̀rọ̀ láìgbọ̀n. Ẹ mú orúkọ kan: Bọ́lá. Lẹ́tà mélòó ló wà níbẹ̀? Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á ní mẹ́rin. Bí ẹ bá bi JavaScript, ó lè ní márùn-ún, ó sì lè ní méje. Ó kù sọ́wọ́ kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó fà á rèé. Unicode ni àdéhùn tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991. Lẹ́tà ọ, tó ní àmì lábẹ́, ní nọ́ńbà tirẹ̀ níbẹ̀, U+1ECD. (Àárín lẹ́tà àwọn ará Vietnam ni wọ́n to ẹ àti ọ sí, a jọ ń pín in lò ni.) Lẹ́tà á, tó ru àmì ohùn òkè, ní tirẹ̀. Àmọ́ ọ́, tó ní àmì lókè tó tún ní lábẹ́, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dá dúró. Ènìyàn ní láti kọ ọ, kó wá gbé àmì òkè lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀, U+0301. Kíbọ́ọ̀dù kan á tẹ ọ, á gbé àmì òkè lé e: àpapọ̀ Bọ́lá jẹ́ ohun márùn-ún. Òmíràn á tẹ o lásán, á fi àmì abẹ́ sí i, á fi àmì òkè sí i, á sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún a náà: ó di méje. Òmíràn tún lè tẹ ó kó tó wá fi àmì abẹ́ tì í: márùn-ún nìyẹn náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe márùn-ún ti àkọ́kọ́. Lójú wa, Bọ́lá kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni ò là lọ́yẹ̀, ènìyàn mẹ́ta ni.

Ẹ fojú inú wò ó pé Bọ́lá forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù. Ó dé ibi iṣẹ́, ó tẹ orúkọ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ìkànnì náà ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ó tún gbìyànjú, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ ní ohun tí kò yẹ nínú. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́! Ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì náà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún dìfẹ́lọ́pà kan.

Bí dìfẹ́lọ́pà náà bá jẹ́ ẹni tó ń rán bọ́tìnnì, yóò ṣí kóòdù, yóò rí i pé lẹ́tà A dé Z nìkan ni wọ́n gbà láyè, yóò fi ọ́ àti á kún un, yóò dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Ó parí. Mi ò ní kí a bú u, ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ṣadé á kọ̀wé. Lẹ́yìn Ṣadé, Ẹniọlá.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti yá nídìí máṣíìnì á lọ jìnnà díẹ̀ sí i. Ó mọ̀ pé láti ẹ̀dà 2015 ni JavaScript ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní normalize, tó ń sọ oríṣi Bọ́lá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. Yóò lò ó kó tó fi orúkọ pamọ́ àti kó tó fi orúkọ kan wé òmíràn. Yóò gba lẹ́tà àti àmì èdè gbogbo láyè, kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Iṣẹ́ tó dára gan-an nìyẹn, ọ̀pọ̀ ìkànnì ńlá ò tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń gé aṣọ kì í tètè fọwọ́ kan kóòdù. Ìbéèrè ló máa kọ́kọ́ kó jọ. Kí ló dé tí a fi ń yẹ orúkọ ènìyàn wò ná, ta ló pa á láṣẹ? (Ẹ ó rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà kò sẹ́ni tó rántí.) Níbo ni orúkọ yìí tún ń lọ lẹ́yìn tó bá kúrò lọ́dọ̀ wa? Bó bá ń lọ sí bánkì, BOLA ni bánkì kọ sílẹ̀, láìsí àmì kankan. Bí a bá fi wọ́n wéra bẹ́ẹ̀, a ó sọ fún Bọ́lá pé òun kọ́ ló ni owó rẹ̀. Nítorí náà a nílò ẹ̀dà méjì: ọ̀kan bí olórúkọ ṣe kọ ọ́, èyí tí a ó máa fi hàn án, èkejì tí a ti bọ́ àmì lára rẹ̀, fún wíwá àti ìfiwéra. Ṣé a lè máa bọ́ àmì níbi gbogbo, nígbà náà? Rárá o. Bí a bá bọ́ àmì lára ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, gbogbo wọn á di oko. Nínú àwárí orúkọ, a lè fara da ìyẹn. Nínú ìkànnì ìwé atúmọ̀-èdè, ìdàrúdàpọ̀ ni.

Kò tán síbẹ̀. Bí a bá fẹ́ to orúkọ, ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn e, gb ń bọ̀ lẹ́yìn g, ṣ ń bọ̀ lẹ́yìn s. JavaScript ní Intl.Collator, tí ènìyàn lè sọ fún pé "yo" ni èdè tí a ń lò. Èyí tó le jù ni àwọn orúkọ tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún márùn-ún, tí wọ́n pa mọ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ta ni yóò tún wọn ṣe? Ìgbà wo, tí àwọn oníbàárà ò fi ní dúró? Kí ni a ó ṣe bí Bọ́lá méjì tí a rò pé wọ́n yàtọ̀ bá di ọ̀kan? Aṣọ tí a ti gé nìyẹn. Ẹni tó bá rí ìbéèrè wọ̀nyí kí ó tó bẹ̀rẹ̀, tó kọ wọ́n sí ojú ewé kan, tó sọ èyí tí òun yàn àti ìdí tí òun fi yàn án, senior ni mo pè é, orúkọ yòówù kó wà lórí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ wò ó bóyá ó ṣòro ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí irinṣẹ́ tuntun kankan nínú ohun tó ṣe. Ó mọ normalize bí ẹnìkejì rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n. Ohun tó fi ju ẹnìkejì lọ ni pé ó mọ ibi tí orúkọ ń gbà kọjá, ó sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ àlàyé yìí, ẹnìkan ti sọ ọ́ tipẹ́. Peter Naur, ará Denmark, tó wà lára àwọn tó ṣe èdè ALGOL 60, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1985 tó pè ní Programming as Theory Building. Ohun tó ń sọ ni pé kóòdù tí ẹ rí yẹn kọ́ ni iṣẹ́ náà gan-an. Òye tó wà lórí àwọn tó kọ ọ́ ni iṣẹ́ náà: ìdí tó fi rí bó ṣe rí, ibi tó ti lè gba àtúnṣe àti ibi tí kò ti lè gbà á. Bí àwọn olóye yẹn bá lọ tán, kóòdù á wà, á tilẹ̀ máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti kú, nítorí kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe kó má bàa wó.

Fún wa nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, kò ṣàjèjì. Gbogbo ọmọ tó dàgbà ní Ìbàdàn ló mọ̀ pé a lè sọ pé "mo lọ", a sì lè sọ pé "n kò lọ" tàbí "mi ò lọ", àmọ́ a kì í sọ pé "mo kò lọ". Ẹ bi wọ́n pé kí ló fà á. Wọn á wò yín lójú. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́ Yorùbá, wọ́n gbọ́ ọ ju àwa tí a fi ń gba owó oṣù lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kọ ìwé gírámà, tí yóò ṣe ìkànnì tó ń tọ́ àṣìṣe sọ́nà, tí yóò kọ́ àjèjì lédè, ìmọ̀ mìíràn ni onítọ̀hún nílò lórí ti àkọ́kọ́. Kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ dà bíi "mi ò lọ". Ẹ ní láti lè sọ ìdí.

Ẹ̀rọ tó ń kọ kóòdù náà, bí mo ṣe ń wò ó, ọmọ Ìbàdàn yẹn ni. Ó gbọ́ èdè náà dáadáa, ó yá lẹ́nu. Kò mọ̀ pé BOLA ni bánkì yín kọ sílẹ̀ àfi tí ẹnìkan bá sọ fún un.

Nítorí náà, ẹni tó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kó lọ kọ́ èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ohun tí mò ń sọ fún un ni pé kó kọ́kọ́ ka kóòdù tí òun kọ́ ló kọ. Kó mú apá kan nínú iṣẹ́ tó wà nílé-iṣẹ́ rẹ̀, apá tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù, kó kà á títí yóò fi lè yà á sórí ìwé. Lẹ́yìn náà, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, ojú ewé kan péré, ní èdè tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa lóye. Obìnrin kan tó ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mi rí ṣe bẹ́ẹ̀ nípa bí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń dá owó padà fún oníbàárà. Kò ju ojú ewé méjì lọ. Láàárín oṣù mẹ́ta, kò sí ìpàdé tó kan owó tí wọn ò pè é sí, nítorí òun nìkan ló mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe so pọ̀. Orúkọ senior dé lẹ́yìn. Ó ní owó pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé.

Kíkọ nǹkan sílẹ̀ tún ṣe pàtàkì fún àwọn tó ń jókòó sí Èkó tàbí Abẹ́òkúta ṣiṣẹ́ fún Jámánì tàbí Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọ̀gá yín ní California bá ń jí, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú lọ́dọ̀ yín. Ohun tí ẹ kọ ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹnu yín. Ẹni tó bá kọ "I don fix am" sílẹ̀, òótọ́ ló sọ, àmọ́ kò tíì sọ nǹkan kan. Kí ló bàjẹ́, kí ló bà á jẹ́, kí ni ẹ yí padà, kí ló ṣì lè ṣẹlẹ̀: ẹ fi gbólóhùn mẹ́rin sọ ọ́, kí iná tó lọ.

Nípa dídi mánéjà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan rò pé láìjẹ́ pé ènìyàn ń darí ènìyàn, kò tíì dàgbà. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá lónìí, ọ̀nà méjì ló wà: ẹni tó fẹ́ máa tọ́jú ènìyàn àti ẹni tó fẹ́ máa gé aṣọ lọ. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tí kò fẹ́ràn ìpàdé, tí kò lè gbọ́ ẹjọ́ láàárín ènìyàn méjì, kó má tìtorí owó gba ipò mánéjà. Mo ti rí irú rẹ̀ púpọ̀ ní yunifásítì, lára àwọn tí wọ́n fi jẹ olórí ẹ̀ka.

Ó kù ẹyọ kan. Ẹ lè ṣe gbogbo èyí, kí ọ̀gá yín má sì fún yín ní sísọ́ọ̀sì láéláé, nítorí bọ́tìnnì rírán yín ń pa owó fún un. Ẹ kọ́kọ́ béèrè, lójúkojú: "Sà, iṣẹ́ tó ń bọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ ètò rẹ̀ sílẹ̀ fún yín kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún un ṣe fún mi." Ọ̀gá tó dára á gbà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá béèrè lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, tí ìdáhùn sì jẹ́ "máa ṣe tìrẹ lọ", ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn. Kí ẹ tó lọ, ẹ tẹ Bọ́lá sínú fọ́ọ̀mù ìkànnì wọn lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. Mò ń kó ìdáhùn jọ.